Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Bàbá tí ó dúró lẹ́yìn okùn



Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin níṣẹ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá kò ti kúrò ní ìsọ̀ ọmọ. Bí ọmọ bá ti gbé àlùmọ́gàjí lé aṣọ, bàbá a ní: “Kì í ṣe ibẹ̀!” Bí ó bá dá owó iṣẹ́ lé oníbàárà, bàbá a ní ó pọ̀ jù, tàbí ó kéré jù. Nígbà tí ó ṣe, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí ó ni ìsọ̀. Ọmọ wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá mi.” Kò rọrùn fún wa, nítorí gbogbo ohun tí ọmọ yìí mọ̀, bàbá rẹ̀ náà ni ó fi kọ́ ọ.

Ibi tí a ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rántí bàbá kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti eré kan tí púpọ̀ nínú yín kò tíì fi ojú rí, èyíinì ni gọ́ọ̀fù. Ẹni tí ń gbá gọ́ọ̀fù a máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí kò tó ẹyin adìẹ, la pápá gbọọrọ kọjá títí yóò fi wọ inú ihò. Ihò 18 ni ó wà ní pápá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jù ni ó borí. Ìdíje ńlá a máa gba ọjọ́ mẹ́rin, àwọn èrò a sì máa dúró wò ó lẹ́yìn okùn tí a ta sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Òfin kan wà nínú eré náà tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Nígbà tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́wọ́ ẹni tí ń bá a gbé àpò ọ̀pá, tàbí lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹni méjì-méjì ni wọ́n ń gbá a. Bí ó bá béèrè, wọn yóò fi ẹ̀ẹ̀mejì kún iye rẹ̀. Bí ẹnì kan lẹ́yìn okùn bá ké ìmọ̀ràn sí i láìbéèrè, kò jẹ̀bi lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ń bá a lọ, tí kò sì gbìyànjú láti dá a dúró, ó di ẹ̀bi tirẹ̀. Bàbá ni o, ìyá ni o, olùkọ́ tí ó ń san owó fún ni o, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́ láti ihò kìíní títí dé ìkejìdínlógún. Ní 2022, nínú ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní PGA Championship, ẹni tí ó wà níwájú fi 7 ju Justin Thomas lọ nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Mike Thomas, bàbá rẹ̀, ni ó kọ́ ọ láti kékeré, òun náà sì ni olùkọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Kò lè bá a sọ ohun kan nípa bọ́ọ̀lù. Justin borí.

Ṣùgbọ́n ti Earl Woods àti Tiger, ọmọ rẹ̀, ni a fẹ́ sọ.

Jagunjagun ni Earl, ó jà ní Vietnam. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù. A bí Tiger ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1975, ní ìpínlẹ̀ California. Kí ọmọ náà tó rìn dáadáa, ó ti ń jókòó wo bàbá rẹ̀ bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé ọkọ̀. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò kí ọkàn rẹ̀ lè le. Bí Tiger bá ti gbé ọ̀pá sókè, bàbá a mi owó ẹyọ nínú àpò, a wúkọ́, a ju àpò ọ̀pá sílẹ̀ gbì, a tún sọ ọ̀rọ̀ líle sí i. Kí a má fi bò fún yín, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni àwa fọwọ́ sí. A ti rí ọmọ tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sọ di ojo, a sì ti rí èyí tí ó mú kí ó sá kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí àwọn tí ń sọ ọ́ máa ń fò dá. Bàbá fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ bá ti lè sọ ọ̀rọ̀ náà, ìdánwò dópin lójú ẹsẹ̀. Tiger sọ pé òun kò lò ó rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa ń wò ni pé ọ̀rọ̀ náà wà. Mélòó nínú àwa òbí ni ó ti fún ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi dá wa dúró?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ìyá. Kultida, ọmọ ilẹ̀ Thailand, ni ó ń wa ọkọ̀ gbé Tiger lọ sí ìdíje àwọn ọmọdé, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rin pápá tẹ̀lé e. Aṣọ pupa tí Tiger fi ń jà ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ ni ó ní àwọ̀ náà yóò fún un lágbára. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ti bàbá, wọ́n sọ ti bàbá, títí ó fi fẹ́ dà bí ẹni pé bàbá nìkan ni ó bí i. Obìnrin náà fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1997, Tiger lọ sí ìdíje Masters ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọmọ ọdún 21 ni, òun sì ni ìgbà kìíní tí yóò wọ ìdíje náà lẹ́yìn tí ó ti sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Láti 1934 ni ìdíje yìí ti wà, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn dúdú tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ títí di 1975, nígbà tí Lee Elder wọ ibẹ̀. Àwọn dúdú ni ó ń gbé àpò fún àwọn funfun ní pápá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí dúdú kan nínú ẹgbẹ́ tí ó ni ín títí di 1990. Earl, ọkùnrin dúdú tí ó ti sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ lójú ogun, mọ gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n ara Earl kò yá. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ abẹ ọkàn fún un ní ọdún náà, àwọn dókítà kò sì fẹ́ kí ó rìnrìn àjò. Ó wá. Orí ibùsùn ni ó wà nínú ilé tí wọ́n gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdíje, inú Tiger kò dùn sí bí ó ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Olùkọ́ gidi wà fún un nígbà náà, ẹni tí ń jẹ́ Butch Harmon. Síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó mú ọ̀pá lọ bá, ó ní kí ó wo òun. Bàbá wò ó, ó sì sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, kí ó gbé e sókè díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹnu. Ọmọ ni.

Ní ọjọ́ keji, Tiger fi 40 gba ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, níbi tí 36 ti tó fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá. Ìtìjú dé. Gbogbo ayé ń wò ó, kò sì sí bàbá tí ó lè sá lọ bá. Bí ó ti ń rìn lọ sí ihò kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ronú, tí ó rí i pé òun ń fa ọ̀pá sẹ́yìn jù kí òun tó gbá bọ́ọ̀lù. Ó tún un ṣe. Ó fi 30 gba mẹ́sàn-án ìyókù. Ó gba 66 ní ọjọ́ kejì ìdíje, ó gba 65 ní ọjọ́ kẹta. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá tún bá a sọ̀rọ̀, kò gùn: ọjọ́ ọ̀la yóò le púpọ̀, kí ó ṣáà jẹ́ ara rẹ̀. Ó gba 69. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270, ó sì fi 12 ju Tom Kite, ẹni tí ó ṣe ìkejì, lọ. Nínú gbogbo ihò 72 náà, kò sí ọ̀kan tí ó ti gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti ti bọ́ọ̀lù wọlé lórí koríko etí ihò. Ohun tí bàbá sọ lórí ibùsùn nìyẹn.

Lee Elder wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Earl náà ti dìde, ó dúró lẹ́yìn ihò ìkejìdínlógún. Tiger kúrò lórí koríko, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó sì sunkún ní èjìká rẹ̀.

Earl kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Ní oṣù Keje ọdún náà, Tiger gba ife ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Hoylake, ó sì sunkún ní èjìká ẹni tí ń bá a gbé àpò. Ní 2019, lẹ́yìn àìsàn ẹ̀yìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nídìí eré, ó tún borí ní Augusta. Charlie, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó sáré wá dì mọ́ ọn nítòsí ibi tí Earl dúró sí ní 1997. Kultida wà níbẹ̀.

A sọ ìtàn yìí fún bàbá aránṣọ. Ó fetí sílẹ̀, ó béèrè iye owó tí wọ́n ń rí nídìí bọ́ọ̀lù kékeré bẹ́ẹ̀, a rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé: “Ọ̀rọ̀ tí ó fún ọmọ náà, kí ni ó jẹ́?” A ní: “Ó tó.” Ó mi orí.

Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn náà ti yan ọ̀rọ̀ tiwọn. Kò sọ ọ́ fún wa. Bàbá ṣì ń wá sí ìsọ̀ ní ọjọ́ ọjà.