Kí oníṣòwò Ọ̀tà tó ra dátà kún dátà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì wà lódìkejì ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà wà níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn. Bí oníbàárà bá béèrè iye páálí tó kù, akọ̀wé á tẹ fóònù, tàbí kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni wọ́n ń fi dátà sọ. Bẹ́ẹ̀, ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fowó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá 50 nínú 100. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS àti MainOne já nítòsí Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro ní Nàìjíríà, títí kan àwọn báǹkì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ọjà tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ara rẹ̀ yóò kàn máa wo oníbàárà lójú ni.

Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní bridge, ìyẹn afárá, lè yanjú èyí. Ó ń so nẹ́tíwọ̀kì méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, afárá yìí á máa kíyè sí apá ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rán sí prínńtà ṣọ́ọ̀bù kò ní kọjá. Èyí tó bá jẹ́ ti ilé ìkẹ́rùsí ni yóò jẹ́ kó kọjá.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó wọ́pọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 100 lọ, ta ni yóò sì fà á kọjá títì márosẹ̀? Ìdí nìyí tí afárá tí kò lo wáyà fi wúlò: ẹ̀rọ kékeré méjì tó kọjú síra lórí òrùlé, tí ilé tàbí igi kò dí láàárín. Bí wọ́n bá ti gbé e sókè, àkọsílẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ láìjẹ dátà rárá. Iná tó ń lò kò pọ̀, bátìrì lè gbé e.

Lóòótọ́, afárá kì í fúnni ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń bá báǹkì ṣe pọ̀ ṣì nílò rẹ̀. Ó sì ní ewu tirẹ̀: olè tó bá wọ apá kan ti wọ apá kejì, nítorí náà password tó lágbára di dandan. Bí wọ́n bá ṣèèṣì so afárá méjì síbì kan náà, iṣẹ́ lè máa yí po títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi dákú. Radia Perlman, ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá ojútùú sí èyí ní 1985, spanning tree ni orúkọ rẹ̀. Kí oníṣòwò bi ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà bóyá ó wà nínú rẹ̀.

Kí dátà oṣù tó ń bọ̀ tó jáde lápò, ó yẹ kí oníṣòwò ṣírò iye tó ń ná lórí ọ̀rọ̀ àárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí. Bí ó bá pọ̀, owó afárá ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ.