Kí Ẹ Tó Yọ Eyín, Ẹ Yẹ Oríkèé Àgbọ̀n Wò

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo mú wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín.

Bí iwájú etí bá ń dun ènìyàn, ohun méjì la sábà máa ń sọ: "Etí ni," tàbí "Eyín ni." Ẹni tó ní etí ni, á kán epo sí i. Ẹni tó ní eyín ni, á ní kí wọ́n yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, eyín àgbà tí a bá yọ kì í hù mọ́. Èrò tèmi ni pé ká kọ́kọ́ yẹ oríkèé àgbọ̀n wò.

Ẹ fi ìka kan iwájú etí yín, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ pa á dé. Ohun tó ń rìn lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé náà. Ohun pẹlẹbẹ kan tó yi wà láàárín egungun rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ó lè máa dún kẹ́, kẹ́. Bí kò bá dunni, tí ẹnu sì ń là dáadáa, ẹ má da ara yín láàmú.

Bó bá ń dunni ńkọ́? Ẹ yé fi eyín ṣí ìgò, ẹ yé fọ́ egungun jẹ. Àwọn tó ń payín keke lójú oorun náà ń ni oríkèé yìí lára. Ẹ jẹ oúnjẹ tó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé e, ẹ má sì ya ẹnu gbàgà bí ẹ bá ń yán. Ọ̀pọ̀ ló ń sàn báyìí.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jókòó ti àwọn kan nílé. Ọmọ tó ṣubú, tó fi àgbọ̀n gbalẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa mọ́: bí a bá fi í sílẹ̀, egungun oríkèé náà lè lẹ̀ pọ̀, àgbọ̀n ọmọ náà kò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹni tó yán tí ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́: ẹ má fi agbára tì í, àwọn oníṣègùn mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ẹni tó ní egbò, bó ti wù kó kéré tó, tí àgbọ̀n rẹ̀ wá ń le: ó lè jẹ́ tétanos, tó ń pani. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹlòmíì á ní ilé ìwòsàn jìnnà, owó zémíjàn sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ èyí tí a lè tọ́jú nílé àti èyí tó tó gbé lọ.

Nípàdé yín, kí olúkúlùkù to ìka rẹ̀ mẹ́ta léra, kó fi wọ́n sáàárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀ níwájú. Kí àwọn ọmọ náà fi ìka tiwọn ṣe é. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wọlé, kó lọ fi ẹnu rẹ̀ han oníṣègùn. Ẹnu la fi ń jẹun, òun náà la fi ń polówó ọjà.