Àkòrí Tó Gbòòrò Jù Ló Ń Ba Díbéètì Wa Jẹ́

1/ Ẹ̀yin tíṣà mi, ẹ̀yin àǹtí àti bùọ̀dá tí ẹ ń ṣètò díbéètì fáwọn ọmọ iléèwé, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. 🧵

2/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá ṣe adájọ́ níléèwé girama kan l'Abẹ́òkúta níbí. Àkòrí wọn: "Íńtánẹ́ẹ̀tì: ìbùkún ni tàbí ègún?" Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní YouTube lòun fi mọ ìṣirò. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní àwọn Yahoo ti ba ayé jẹ́. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò pàdé rárá.

3/ Mo di bírò mú, mi ò mọ ẹni tí máàkì tọ́ sí. Níkẹyìn, ẹni tí gírámà ẹ̀ dán jù la fún. Ọmọkùnrin yẹn wá bá mi tomijé-tomijé: "Àǹtí, kí ni mo sọ tí ò dáa?" Mi ò rí èsì fún un.

4/ "Àgbẹ̀ sàn ju dókítà lọ" tí gbogbo wa ṣe ní pámárì, ọ̀kan náà ni. Sàn níbo? Fún ta ni?

5/ L'Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ girama tó ń ṣe "policy debate" máa ń fi odindi sáà ẹ̀kọ́ jiyàn lórí àkòrí kan ṣoṣo. Àkòrí ọ̀hún sábà máa ń dárúkọ ẹni tó máa ṣe nǹkan, ìyẹn ìjọba àpapọ̀ wọn, àti ohun tó yẹ kó ṣe. Bó o bá yà kúrò nínú ààlà, alátakò lè fìyẹn nìkan borí ẹ.

6/ Ṣebí àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1947, Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Ẹ̀gbá ò kàn pariwo pé ìyà ń jẹ obìnrin. Wọ́n ní kí wọ́n yé gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Ẹni tó gbà mọ ohun tó gbà, ẹni tó kọ̀ mọ ohun tó kọ̀. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà kan.

7/ Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló máa ṣe é? Kí ló máa ṣe? Níbo?
Dípò "Ṣé àṣà wa ń kú?", ẹ kọ: "Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fòfin de títa àdìrẹ tí wọ́n fẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun ní ọjà Ìtòkú." Apá kan á gbèjà aláró tí ọjà ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Apá kejì á gbèjà oníbàárà tówó ẹ̀ ò ká àdìrẹ ọwọ́, àti ìyá tó ń ta tẹ̀rọ fi tọ́mọ. Ìjiyàn dé nìyẹn!

8/ Ẹ má sì fún un jù o. Ẹ kọ kókó mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé àkòrí jáde. Bí apá kan ò bá pé mẹ́ta, ìrẹ́jẹ ni, ẹ tún un kọ.

9/ Ẹlòmíì á ní, "Ọmọdé ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tinú wọn." Àròkọ nìyẹn. Nínú díbéètì, ó yẹ kẹ́nìkan dá ẹ lóhùn.

10/ Ọmọ mi, bó o bá ń ka èyí: kò sóhun tó o sọ tí ò dáa. Àwa àgbà la gbé àkòrí tí ò lórí tí ò nídìí fún ẹ.

Àkòrí wo ni wọ́n fún ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ tún un ṣe. 👇🏾