Gìrì Aboyún Kì Í Dúró De Ìpàdé Ẹbí



Bí orí bá ń fọ́ aboyún, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì wú, àwọn àgbà a máa wí pé, "Oyún ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá lọ gba ìtọ́jú, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Láti nǹkan bí oṣù 5 oyún ni irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi 140/90 hàn, kí dókítà gbọ́ sí i. Bí ó bá dé 160/110, pàjáwìrì ni, bí aboyún náà tilẹ̀ sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ríran bàìbàì àti ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà jẹ́ ìkìlọ̀ pé gìrì lè dé. Ewu náà lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ pàápàá.

Gìrì yìí kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù mu. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Abẹ́rẹ́ tí ń kápá gìrì náà ni magnesium sulphate. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, èyí tí aboyún bí 10,000 kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í rìn wá sílé. Ní tèmi, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló ń pa ìyá. Ìdúró pẹ̀lú ń pa wọ́n. A ń dúró de ọkọ tó lọ sí oko, a sì ń wá owó ọkọ̀ kiri. Bí oyún bá ti pé oṣù 5, kí baálé sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé ní àṣẹ láti gbé aya òun lọ. Kí ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì mọ awakọ̀ tí ẹ lè jí lóru. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ òní, nígbà tí ara aboyún yín ṣì le.