Kí ọmọ tó mọ kéèkì, kó kọ́kọ́ mọ gúrúdì

Ọmọṣẹ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá kì í fọwọ́ kan kéèkì ní oṣù àkọ́kọ́. Kúkíìsì ni mo máa ń fi í sí nídìí. Inú àwọn òbí kì í dùn sí i. Ìyá kan láti ọ̀nà Abáránjẹ́ tiẹ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o, kéèkì ìgbéyàwó la ní kó wá kọ́. Bísíkíìtì tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ ilé wa, ṣé torí ẹ̀ náà la ṣe sanwó?” Mo fún un lómi tútù mu, mo ní kó fara balẹ̀. Kéèkì tó bá jóná nísàlẹ̀, ọ̀bẹ á gé e kúrò. Èyí tó bá là láàárín, áísìn á bò ó. Kúkíìsì kò láṣọ tó máa fi bora. Ìṣẹ́jú méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni púpọ̀ nínú wọn ń lò nínú iná, bí ófùn yín bá sì ń jó lápá ọ̀tún ju òsì lọ, tíréè kan ṣoṣo ti tó láti tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ kúkíìsì í yan ti mọ iná nìyẹn. Àwọ̀ àti òdòdó orí kéèkì, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyẹn tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èèyàn púpọ̀ ní àdúgbò wa. Alímọ̀ṣọ́ ló lérò jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà l'Ékòó, kò sì sí òpópónà kan láti Ìdímù títí dé Ìgàndò tí ẹ ò ní rí pátákó “A ń ṣe kéèkì, a ń ṣe small chops” níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ, ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Ọmọṣẹ́ kéèkì ń gba fíríìdọ̀m lójoojúmọ́. Ẹ ní kí mẹ́wàá nínú wọn ṣe gúrúdì, kúkíìsì ẹ̀gẹ́ àti àgbọn tiwa-n-tiwa, fún yín. Bí ẹ bá rí méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá sọ fún mi.

Kúkíìsì tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe, èyí tí wọ́n gé ṣokoléètì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ruth Wakefield, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé oúnjẹ Toll House ní ìlú Whitman ní Massachusetts, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1930. Ibẹ̀ máa ń tutù. Bọ́tà tí wọ́n bá gbé sórí tábìlì níbẹ̀ kò ní sá lọ. Bọ́tà gidi, èyí tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, tó bá ti kan nǹkan bíi 32 sí 35°C, omi ló ń dà yẹn. Ẹ wá dúró sí kíṣìnì mi lọ́sàn-án oṣù Kẹta kẹ́ ẹ wo ohun tójú bọ́tà ń rí. Bẹ́ẹ̀ bọ́tà tó ṣì le díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́: tí ẹ bá ń lù ú pọ̀ mọ́ ṣúgà, afẹ́fẹ́ á máa wọnú rẹ̀. Tó bá ti yọ́, afẹ́fẹ́ ò ríbi wọ̀. Ẹ tò ó sórí tíréè ní méjìlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn ófùn, ẹ bá a tó ti di ẹyọ kan pẹrẹsẹ.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó yan án. Ó dáa, àmọ́ iná ni fíríìjì ń lò. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, láti ₦68 lọ sí ₦225 lórí ẹyọ kan, ẹni tó ń rí iná ń ṣọ́ ọ lò. Ẹni tí kò sí ní Band A ò tiẹ̀ rí èyí tó máa ṣọ́.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ti òyìnbó o. Èmi náà ń tà á lásìkò Kérésìmesì. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni shortbread àwọn ará Scotland, tó jẹ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta: ṣúgà gíráàmù 100, bọ́tà gíráàmù 200, fúláwà gíráàmù 300. Kò sẹ́yin, kò sí páúdà kankan. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ má fi ife wọ̀n ọ́n, ẹ sì ṣe é ní ìdájí kóòrùn tó mú. Àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ bọ́tà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta bọ́tà gidi kẹ́ ẹ tó tanná. Ti inú agolo tí wọ́n fi òróró ṣe tí gbogbo wa ń lò náà á ṣe é, adùn rẹ̀ ló máa yàtọ̀.

Gúrúdì ò ní gbogbo wàhálà yẹn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, àgbọn, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, ó parí. Ó fẹ́lẹ́, ó le, ó ń ró wàràwàrà lẹ́nu, òórùn àgbọn tó ti fara kan iná á sì ti gba gbogbo yàrá kí ẹ tó jẹ ẹyọ kejì. Ẹni tó bá ṣe kékeré l'Ékòó láyé ọjọ́sí á rántí àwọn ìyá tó ń tà á nínú ṣóò-gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, tòun ti ṣíńṣín àti kókóró. Àwa tí a ń lọ sílé ìwé ní Ṣógúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan la ti ń rà á. Bí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì tán nínú ààrò bíríkì, tí iná ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ti gúrúdì wọlé. Ooru tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń yan án. Ìgbà tí mo di alásè ni mo tó mọ bí ọgbọ́n yẹn ṣe pọ̀ tó.

Sítáàṣì tútù wà ní ọjà Ìkọ̀tún, funfun báláú nínú báàfù. Àwọn Urhobo àti Itsekiri tó wà láàárín wa ló ń rà á jù, wọ́n á fi ro òkèlè, wọ́n á fi ọbẹ̀ báńgà gbé e lọ sọ́nà ọ̀fun. Àwọn alágbàfọ̀ ló tẹ̀ lé wọn. Ìyá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ wo lèmi fi ń jẹ tèmi. Ẹ gbé e délé, ẹ sá a títí á fi gbẹ, ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ jọ̀ ọ́.

Ibi tó ti ń dojú rú fún àwọn ọmọṣẹ́ nìyí. Tí ẹ bá da omi tútù sí sítáàṣì, á kàn máa tàn yín jẹ ni: ẹ fún un mọ́wọ́, á le gbagidi; ẹ lawọ́, á ṣàn lọ. Ẹ ò lè tẹ́ irú ẹ̀. Wàrà àgbọn tó ń hó ni kẹ́ ẹ dà sí ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀, kí apá yẹn fi jiná, kó máa fà, òun lá wá di ìyókù mú. Ní Brazil, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní polvilho, wọ́n sì ń da omi gbígbóná lé e lórí kí wọ́n tó yan án ní bísíkíìtì. Ní Minas Gerais, àpò-àpò ni wọ́n ń tà á. Ojú kì í tì wọ́n.

Ife sítáàṣì gbígbẹ méjì, ife àgbọn rírin kan, ìdajì ife ṣúgà, iyọ̀ tí ìka méjì lè bù. Wàrà àgbọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ife, kẹ́ ẹ máa fi kún un níwọ̀nba. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́tímẹ́ègì lè fi sí i. Ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ, kó má nípọn ju mílímítà mẹ́ta lọ, ẹ gé e, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri. Ooru 180°C, ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ sì yí tíréè padà lágbedeméjì. Bí etí rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ gbé e jáde. Á ṣì rọ̀ láàárín o. Ẹ fi sílẹ̀ lórí tíréè, bó ṣe ń tutù láá máa le. Àwọn tí kò ní sùúrù máa ń dá a padà sínú iná, á wá di èédú.

Ohun tó ń dùn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni bí ìjọba wa ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi tí wọ́n máa fi ẹ̀gẹ́ sí. Búrẹ́dì àlìkámà ti wọ̀ wá lára tipẹ́. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní 1921, òun ló sì sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó. Àlìkámà náà sì rèé, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó o wọlé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òfin náà fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba Obásanjọ́ ní kí wọ́n máa po fúláwà ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ fúláwà àlìkámà. Nígbà tó di àsìkò Jonathan, Akinwumi Adesina tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ dìde, wọ́n gbé e wọ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì níbí láti 1956, ti dán fúláwà àpòpọ̀ wò títí. Lónìí, ẹ sọ̀ ní Ìyànà Ìpájà kẹ́ ẹ béèrè búrẹ́dì ẹ̀gẹ́.

Kò yà mí lẹ́nu. Gluten tó wà nínú àlìkámà ló ń fà, tó ń di afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń fẹ́ mú, tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹ̀gẹ́ ò ní in. Bí ẹ bá ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ kún un tó, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì á máa wúwo, á sì máa fọ́. Oníbúrẹ́dì tó ń wá èrè ò ní gbà. Kúkíìsì ní tiẹ̀ ò fẹ́ gluten tó ń fà rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń já abọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ tó bá ń po fúláwà kúkíìsì lápòjù. Nínú kúkíìsì ni ẹ̀gẹ́ ti wúlò láìlo ipá rárá, gúrúdì sì ti wà níbẹ̀ kí mínísítà kankan tó dé. Àwa la gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, ó lé ní 50 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Kò sí ẹni tó rántí àwọn ìyá onígúrúdì.

Mo gbà pé gúrúdì ní àléébù. Lásìkò òjò, tí kò bá sí nínú agolo tó dé pinpin, kì í pẹ́ rọ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ ò bá lágbára mọ́, kó fi sílẹ̀, kó ṣe ṣúkùṣúkù: àgbọn rírin, ṣúgà, pupa ẹyin, kẹ́ ẹ ṣù ú róbótó, kẹ́ ẹ yí i nínú búrẹ́dì gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀, ogún ìṣẹ́jú ti tó o. Ṣíńṣín náà, ẹ yan án dípò kẹ́ ẹ dín in. Ẹ wo owó òróró. Ẹ̀pà lílọ̀ ife kan, ṣúgà ìdajì ife, ẹyin kan, kúkíìsì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ má wá sọ fún mi pé ẹ ò ní ófùn. Ìkòkò ńlá tó nípọn ni, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé irin lé e, ẹ dé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó gbé tíréè wọlé. Gáàsì tàbí èédú, méjèèjì ló dáa. Ṣe ni mo máa ń fẹ́ pariwo tí mo bá rí àwọn tó ń ṣe ètò ìrónilágbára tí wọ́n ń pín ẹ̀rọ ìpofúláwà oníná fún àwọn obìnrin tí kò níná nílé. Ìkòkò, ìgò, ìwọ̀n àti sítáàṣì kóńgò kan máa dé ọ̀dọ̀ èèyàn púpọ̀ sí i lórí owó kan náà.

“Ṣé gúrúdì ṣeé gbé síwájú àlejò?” Wọ́n máa ń bi mí. Mo ti fi sínú ìgò tó mọ́ gaara, mo so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, mo kó o lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ṣàgàrì Estate. Àwọn bàbá ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán, àwọn tó ń sọ pé èyí làwọ́n ń jẹ nígbà táwọ́n wà ní kékeré. Àwọn ọmọ wọn wá ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti rà á.

Ọmọ ìyá Abáránjẹ́ yẹn ti wà lórí kéèkì báyìí. Ìyá rẹ̀ ló ń ta gúrúdì tí ọmọ náà ń yan, ní ọ̀rá-ọ̀rá, níwájú ilé. Ó sì tún ń bá mi jà, pé sítáàṣì ti gbówó lórí ní Ìkọ̀tún, pé èmi ni mò ń sọ fún gbogbo èèyàn.