Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ọmọ Orí Títì

Ní gáréèjì Ìkòròdú, láàárọ̀ kùtù, igbe kan náà lẹ ó máa gbọ́: ọkọ̀ ti kún, kí awakọ̀ máa wà á lọ. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó rò pé èdè ọmọ omi lòun ń sọ. Bẹ́ẹ̀, èdè ọmọ omi ni, látorí dédìí.

Nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ni mo ṣe kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí. Wọ́n ní èdè àgbẹ̀ àti ọdẹ ni Yorùbá. Pé bí ìtàn bá ti dé orí òkun, tí àwọn ajalèlókun yọ idà, Yorùbá á yadi, àfi ká lọ tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òǹkọ̀wé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kí mọ́tò tó dé, kí rélùwéè tó dé, ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọ̀sà láàárín Èbúté Ìkòròdú, Ejìnrìn àti Ẹ̀pẹ́. Igi gbígbẹ́ ni. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Nígbà tí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dé, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n ní ọkọ̀ lèyí náà, wọ́n sì fún ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ní orúkọ ẹni tó di àjẹ̀ mú: awakọ̀. Ti orí irin dé, ó di ọkọ̀ ojú irin. Ti òkè dé, ó di ọkọ̀ òfurufú, ó sì ń gúnlẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dé èbúté. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé a ti wá ń sọ "ọkọ̀ ojú omi" báyìí, bí ẹni pé àlejò ló jẹ́ lójú omi. Onílé wá di ẹni tí à ń júwe!

Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò ṣe ìwé ìtàn. Ìgbòkun ńkọ́, ìdákọ̀ró ńkọ́? Òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ wọn yẹn. Treasure Island, ìtàn ajalèlókun tí Robert Louis Stevenson kọ, di ìwé ní 1883. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1884, Bíbélì Yorùbá jáde lódindi. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27: ìjì, ẹrù tí wọ́n dà sókun, ìdákọ̀ró tí wọ́n jù láti ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ tó fọ́, àwọn tó gun pátákó dé ilẹ̀. Ìtọ́kọ̀ wà nínú ìwé Jákọ́bù. Ẹ tú ìdákọ̀ró wò: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Ajalèlókun, ẹni tó ń jalè lókun. Ọmọdé gbọ́ ọ, ó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ pirate, àfi kó lọ bi Gíríìkì.

Kí Gẹ̀ẹ́sì má tilẹ̀ fọ́nnu rárá. Ọwọ́ àwọn ará Họ́láǹdì ló ti gba skipper. Ọwọ́ Faransé ló ti gba buccaneer, àwọn tó ń yan ẹran lórí iná ní erékùṣù Caribbean ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Arrr" tí àwọn ọmọ wa ń ké bí wọ́n bá ń ṣeré ajalèlókun ńkọ́? Òṣèré kan, Robert Newton, ló fi ohùn ìlú rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe Long John Silver, ajalèlókun inú ìwé Stevenson, nínú fíìmù Treasure Island ti 1950. Ohùn ẹnì kan la sọ di èdè gbogbo òkun.

Ìtàn orí omi kò sì jìnnà sí wa: Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìtàn. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá. Ìró ìbọn náà làwọn ará Èkó fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ: Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́, ìjòyè rẹ̀ Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn wọn gba orí ọ̀sà, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń da àwọn tó lé wọn láàmú títí wọ́n fi bá Benjamin Campbell, consul Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 1854. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862. Àwọn mìíràn kò bá a lọ, ìdí nìyí tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Mi ò yìn ín o: òwò ẹrú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Long John Silver náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n èdè wo lẹ rò pé àwọn atukọ̀ Kòsọ́kọ́ fi ń gba àṣẹ lóru ọjọ́ náà?

Ibì kan wà tí mo gbà fún àwọn ọ̀mọ̀wé náà. A kò kan ọkọ̀ olópòó mẹ́ta rí, nítorí náà a kò ní orúkọ fún ogún oríṣi okùn tí wọ́n ń so mọ́ ìgbòkun. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ibẹ̀ á ṣe làálàá. Okùn la kò ní. Ẹnu wa kò ní àléébù.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó gbé ìwé Stevenson rẹ̀ wá sétí omi Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọjà Olúwo, kó máa nawọ́ sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn apẹja, kó máa bi wọ́n léèrè orúkọ. Bó bá ti Ìkòròdú wá, èmi ni n ó san owó ọkọ̀ rẹ̀.