Ẹni Tó Ni Ohùn, Kó Gba Owó Ohùn

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ àwọn àwo orin àtijọ́ tí wọ́n ń tún ohùn wọn pò yìí wò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Pink Floyd ń gba orin "The Dark Side of the Moon" sílẹ̀ ní Abbey Road, Lọ́ńdọ́nù, téèpù olójú-ọ̀nà 16 ni wọ́n lò. Àwo náà jáde ní 1973. Sípíkà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ ọ. Ní 2003, James Guthrie tún ohùn wọ̀nyí pín sí sípíkà márùn-ún tó yí olùgbọ́ ká, ìkẹfà sì wà fún ohùn ìsàlẹ̀.

Èmi kò bá iṣẹ́ yìí jà. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ èrè rẹ̀?

Clare Torry ló fi ohùn lásán, láìsí ọ̀rọ̀, kọ "The Great Gig in the Sky" nínú àwo yẹn. Pọ́n-ùn 30 péré ni wọ́n san fún un. Ní 2004 ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2005 wọ́n jọ fẹnu kò, orúkọ rẹ̀ sì wọ àwọn tó ṣẹ̀dá orin náà.

Ẹni tó lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ lórí téèpù ọgbọ̀n ọdún kò lè ní òun kò mọ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá tún iṣẹ́ wa tà, kí owó tuntun kàn wá. Ẹ jẹ́ ká kọ èyí sínú àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ní kóòtù.